Bí mo ṣe to ìtàn àti àwọn ọkọ̀ rélùwéè Hershey ti Kúbà jọ

Láti Casablanca, ní òdìkejì omi sí Havana, ojú irin kan gba etí àríwá Kúbà lọ sí Matanzas. Nǹkan bíi kìlómítà 92 ni gígùn rẹ̀. Milton Hershey, ará Pennsylvania tó ń ṣe ṣokoléètì, ló là á nítorí ilé iṣẹ́ ṣúgà rẹ̀, ní 1922 sì ni ọkọ̀ oníná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Irú rélùwéè bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ oníná tó ń gbé èrò láti ìlú dé ìlú, tó sì ń dúró ní abúlé àárín ọ̀nà, pọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà kan. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, ní nǹkan bí 1916, àpapọ̀ gígùn wọn lé ní kìlómítà 24,000. Mọ́tò àti títì ọlọ́dà gba èrò lọ́wọ́ wọn, ọ̀dá owó àwọn ọdún 1930 sì parí èyí tó kù. Ti Hershey wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó la gbogbo rẹ̀ já.

Ohun tó jẹ́ kí n dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí ni pé fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ wọn kò bára mu. Ọkọ̀ kan náà, ẹnì kan á ní Philadelphia ni wọ́n ti ṣe é ní 1920, ẹlòmíràn á ní Barcelona ló ti wá. Mo fẹ́ ní ìwé kan tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá dá mọ̀, yóò ti ní ìlà tirẹ̀, tí ẹ̀rí yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohunkóhun tí mo bá kọ. Bí mo ṣe ṣe é ni mo ń kọ síbí, kí ẹni tó bá fẹ́ tọpa rélùwéè mìíràn lè lò ó.

1. Ohun èlò àti owó

Kò sí ohun ńlá níbẹ̀. Fóònù, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó ti gbó díẹ̀, Google Earth àti LibreOffice, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́. Rúlà irin oní sẹ́ńtímítà 30, ₦1,500. Ẹ má ra ti ike, nítorí ìlà rẹ̀ máa ń nípọn débi pé ìdajì mìlímítà lè sọnù sínú ìlà kan ṣoṣo. Ìwé ẹlẹ́yìn líle, ₦2,500. Gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, ₦3,500. Bírò dúdú, bírò pupa, pẹ́ńsù tó gún dáadáa, sẹ́lótéèpù. Títẹ fọ́tò sórí ìwé A4 ní káfè jẹ́ ₦250 ojú kan fún dúdú àti funfun, dúdú àti funfun sì tó fún iṣẹ́ wíwọ̀n. Dátà ló gba owó jù gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí àwòrán sátẹ́láìtì ń jẹ dátà bí iná ọyẹ́ ṣe ń jẹ pápá. Òru ni mo máa ń ṣí i, nígbà tí dátà bá pọ́ọ́kú.

2. Orúkọ tí mo fi wá a

Mo kọ́kọ́ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wá a, àwọn fọ́tò arìnrìn-àjò kan náà ló sì ń jáde ṣáá. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Spéènì wá a ni ilẹ̀kùn ṣí: Ferrocarril de Hershey, tren eléctrico de Hershey, Central Hershey. Ẹ fi Camilo Cienfuegos kún un: orúkọ akíkanjú ìyípadà ìjọba Kúbà ni, tí wọ́n fi sọ ìlú Hershey, èyí tí Milton Hershey kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà rẹ̀, lẹ́yìn ìyípadà náà. Ẹni tí kò bá fi orúkọ méjèèjì wá a yóò rò pé ìlú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Bí ẹ bá kọ Hershey nìkan, ọkọ̀ Pennsylvania ni yóò bò yín mọ́lẹ̀. Hershey ní ọkọ̀ oníná nílé náà, èyí tó rìn títí di 1946. Ní Kúbà fúnra rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Havana Central, tí ọkọ̀ oníná tirẹ̀ ń lọ sí Güines àti Guanajay, fọ́tò tirẹ̀ náà sì máa ń yọ́ wọlé sáàárín ti Hershey. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ṣí àpò fáìlì kan tí mo pè ní "Dúró ná". Fọ́tò tí kò bá ní ibi tí wọ́n ti yà á, tàbí tó dárúkọ ibi tí kò sí lórí ọ̀nà Casablanca sí Matanzas, ibẹ̀ ló ń lọ, bó ti wù kó rẹwà tó.

3. Fífa ojú irin náà sórí ìwé

N kò lè mọ ibi tí kò sí lórí ọ̀nà bí n kò bá mọ ọ̀nà náà, nítorí náà mo yà á. Lórí Google Earth, bí ẹyẹ bá fò láti Casablanca lọ sí ibùdókọ̀ Matanzas, nǹkan bíi kìlómítà 79 ni. Mo fi àmì sí ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo so wọ́n pọ̀, àròpọ̀ rẹ̀ kò tíì sún mọ́ 92 rárá. Ohun tó fà á hàn kedere nígbà tí mo sún mọ́ ilẹ̀: ojú irin náà kì í lọ tààrà. Ó ń yí òkè ká, ó ń wá oko ìrèké kiri, nígbà tó bá sì kù díẹ̀ kó dé Matanzas ó gba inú àfonífojì Yumurí. Mo pa ìlà àkọ́kọ́ rẹ́, mo tún un fà ní títẹ àmì sí gbogbo ibi tí irin bá ti ṣẹ́ kọ́nà. Bí àmì ṣe ń pọ̀ sí i ni gígùn náà ń gòkè lọ bá iye tí ìwé ń sọ.

Àwọn ibì kan wà tí igi ti bo irin mọ́lẹ̀. Níbẹ̀, mo tọpa a láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo sì fi ìtẹ̀kọ́nà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ so ó pọ̀, torí ọkọ̀ ojú irin kì í ṣẹ́ kọ́nà lójijì bíi mọ́tò. Ìṣòro tó le jù ni àwọn ojú irin àtijọ́ tí wọ́n fi ń kó ìrèké, tó ya kúrò lára ọ̀nà ńlá wọ inú oko. Láti òkè, kò sí ìyàtọ̀. Òjìji òpó ló gbà mí. Lójú ọ̀nà oníná, òpó tó gbé wáyà dúró ní àlàfo tó bára mu, bí wọ́n bá sì ya àwòrán náà ní àárọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, òjìji wọn á nà sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Google Earth ní àwòrán ọdún oríṣiríṣi. Mo yí ọdún padà títí mo fi rí èyí tí òòrùn ti rẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo lẹ ìwé A4 mẹ́rin mọ́ra ní ìdábùú. Sẹ́ńtímítà kan dúró fún kìlómítà kan, torí náà sẹ́ńtímítà 92 ni ọ̀nà náà gbà lórí ògiri mi. Mo kọ àwọn ibùdókọ̀ sí i: Casablanca, Campo Florido, Hershey, Jibacoa, Canasí, Mena, Matanzas, àti àwọn abúlé tó wà láàárín wọn. Mo fi pẹ́ńsù fa ẹ̀ka tó lọ sí Jaruco àti èyí tó lọ sí Santa Cruz del Norte. Ìwé gígùn yìí wúlò ju ohunkóhun tí mo ní nínú kọ̀ǹpútà lọ. Fọ́tò tí ibi rẹ̀ bá dájú, nọ́ńbà rẹ̀ ni mo ń kọ sórí kìlómítà tó bọ́ sí.

4. Àwọn ọdún

Mo fi òfin kan lélẹ̀ fún ara mi. Ohun tí ẹlẹ́rìí méjì tí kò da ọ̀rọ̀ kọ lára wọn bá sọ, bírò dúdú ni mo fi ń kọ ọ́. Ohun tí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo bá sọ, bírò pupa. Bí ojú ìwé méjì bá ṣi orúkọ kan kọ bákan náà gẹ́lẹ́, ọ̀kan ló wò lára èkejì, ẹlẹ́rìí kan péré ni wọ́n.

Kúbà ti mọ rélùwéè tipẹ́. Ní 1837 ni ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́ rìn láti Havana lọ sí Bejucal, ọdún mọ́kànlá kí Spéènì, tó ń ṣàkóso wọn nígbà náà, tó ní tirẹ̀ nílé láti Barcelona sí Mataró. Ṣúgà ló fà á. Ẹrú ló ń gé ìrèké náà, ọmọ ilẹ̀ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn, àwọn tí ogun kó lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ tú. Ọdún 1886 ni Kúbà tó fòpin sí oko ẹrú. Ọgbọ̀n ọdún péré lẹ́yìn náà ni Hershey dé.

Ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ Kúbà ní 1916. Ogun àgbáyé kìíní ti da ọjà ṣúgà Yúróòpù rú, ṣokoléètì kò sì ṣeé ṣe láìsí ṣúgà. Ó ra ilẹ̀ nítòsí Santa Cruz del Norte, ó kọ́ ilé iṣẹ́ ṣúgà, ó kọ́ ìlú sí i lára fún àwọn òṣìṣẹ́, ó fún un ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ irin. Ẹ́ńjìnnì oníná igi àti èédú, tó ń fi ooru omi ṣiṣẹ́, ni wọ́n kọ́kọ́ lò kí wọ́n tó yí i sí iná mànàmáná, tí General Electric, ilé iṣẹ́ ohun èlò iná ti Amẹ́ríkà, sì kó ohun èlò rẹ̀ wá. Ní 1923 ọkọ̀ méjì forí sọ ara wọn lójú ọ̀nà náà, ẹ̀mí ṣòfò, Hershey sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn ní Kúbà. Mo rò pé ó yẹ kí ẹni tó bá ń kọ ìtàn ọkọ̀ wọ̀nyí kọ ìyẹn náà sí i, kó má jẹ́ irin àti wáyà nìkan ni yóò máa tò.

Hershey kú ní 1945. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta gbogbo ohun tó ní ní Kúbà fún Cuban Atlantic Sugar Company. Ní 1960 ìjọba gba ilé iṣẹ́ àti ojú irin. Ní 1998 àwọn ọkọ̀ láti Barcelona bọ́ sójú ọ̀nà. Ní 2002 wọ́n ti ilé iṣẹ́ ṣúgà náà pa, nígbà tí Kúbà ń ti ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ṣúgà rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjì Irma ti oṣù kẹsàn-án 2017 tún bá ojú irin náà jà.

5. Iná rẹ̀, ní ṣókí

Mo kọ èyí kí ìdí tí wọ́n fi yan irú iná bẹ́ẹ̀ lè yé yín. Volt 1,200 ni iná tó wà lórí wáyà, irú èyí tó ń lọ sápá kan láìyí padà. Volt 600 ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ inú ìlú máa ń lò nígbà náà. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń gba kìlówáàtì 240: ní 600, amp (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) 400 ló gbọ́dọ̀ gba inú wáyà kọjá, ní 1,200, amp 200 ni. Bí amp bá dín sí ìdajì, iná tó ń ṣòfò sínú wáyà á dín sí ìdá mẹ́rin rẹ̀. Fún ọ̀nà tó jìn tó 92 kìlómítà, èyí túmọ̀ sí wáyà tó fúyẹ́ àti ìwọ̀nba ilé iná lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá sì mọ oko ìrèké lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì tí kì í ta ẹ̀ta iná fi dára níbẹ̀.

6. Yíya ọkọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni mo dá sílẹ̀ nínú spreadsheet, ìyẹn tábìlì inú LibreOffice.

Ọ̀wọ́ kìíní ni ẹ́ńjìnnì tí General Electric ṣe, tó ń fa ọkọ̀ ìrèké àti ẹrù. Kò ṣeé ṣì mọ̀: yàrá awakọ̀ wà láàárín gbùngbùn, àpótí irin tó rẹlẹ̀ wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ni kí awakọ̀ lè rí ìpẹ̀kun méjèèjì nígbà tó bá ń so ọkọ̀ mọ́ra, láìní máa yí ẹ́ńjìnnì náà padà.

Ọ̀wọ́ kejì ni ọkọ̀ èrò tí J. G. Brill ṣe ní Philadelphia. Ilé iṣẹ́ Brill ti wà láti 1868, ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà sì ni ọkọ̀ oníná wọn dé. Àwọn tó wá sí Hershey ló gbé èrò títí di ìparí àwọn ọdún 1990. Ẹ ronú sí èyí dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti kógbá sílé ní àwọn ọdún 1950, Amẹ́ríkà sì ti ti ọjà pa mọ́ Kúbà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kò sí ibi tí wọ́n ti lè kọ̀wé béèrè fún ohun èlò mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù wọn ló ń fi ọwọ́ ṣe ohun tó bá bàjẹ́, tí wọ́n ń yọ tara èyí tó kú fi tún èyí tó wà láàyè ṣe. Mo ka àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn sí olórí nínú ìtàn yìí, ju ẹni tó fowó là á lọ.

Ọ̀wọ́ kẹta ni ti Barcelona, tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1940, tí rélùwéè ìjọba Catalonia, agbègbè Spéènì tí Barcelona wà, lò kó tó di pé wọ́n kó wọn wá. Ó ṣeé ṣe nítorí pé àlàfo irin ìlà Sarrià àti Vallès ní Barcelona jẹ́ mìlímítà 1,435, bíi ti Hershey gẹ́lẹ́. Ká ní irin tóóró ni, wọn ì bá tún gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe.

Láti ya Brill sọ́tọ̀ kúrò lára Barcelona, ibi tí èrò ń gbà wọlé ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọkọ̀ Brill jẹ́ ti abúlé: ó ń dúró lórí ilẹ̀ lásán, torí náà ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun, àtẹ̀gùn sì sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀. Ọkọ̀ Barcelona, ibùdókọ̀ ìlú tó ní pèpéle gíga ni wọ́n ṣe é fún. Mo wo ilẹ̀kùn ná, mo wo ìrísí iwájú, ẹ̀yìn náà ni mo tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò. N kì í kà á ṣáájú, torí bí mo bá ti kà á, ojú mi á bẹ̀rẹ̀ sí rí ohun tí mo kà.

Mo gbìyànjú láti to ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà ara rẹ̀ nìkan, kò ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà ń yí padà bí ọkọ̀ bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ọ̀dà tuntun sì máa ń bò ó. Mo wá fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tèmi nínú ìwé, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sì di ohun kan lára ẹ̀rí, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rí i. Ohun tó ń so fọ́tò méjì pọ̀ ni àpá. Lára ọkọ̀ kan, ní igun iwájú lápá òsì, nísàlẹ̀ fèrèsé awakọ̀, wọ́n ti fi abala irin lẹ ojú ibi tó ti ya. Orí ìṣó rẹ̀ sún mọ́ ara wọn ju ti ara ọkọ̀ tó yí i ká lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ti jábọ́, ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo rí abala náà lábẹ́ ọ̀dà kan, mo tún rí i lábẹ́ ọ̀dà mìíràn, pẹ̀lú ihò kan náà ní ipò kan náà. Ọkọ̀ kan ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà àti àkọlé fọ́tò sọ pé méjì ni.

7. Fífi fọ́tò wọn ọkọ̀

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà nìyí, ó sì ṣeé lò fún ojú irin èyíkéyìí.

Fọ́tò tí wọ́n yà láti iwájú ọkọ̀ ní rúlà tirẹ̀ nínú: irin méjèèjì. Àlàfo wọn, láti inú ọ̀kan dé inú èkejì, jẹ́ mìlímítà 1,435. Iye yẹn sì jẹ́ 41 lọ́nà 35. Torí náà, bí mo bá tẹ fọ́tò náà títí àlàfo irin fi jẹ́ mìlímítà 41 lórí ìwé, mìlímítà kan lórí rúlà mi jẹ́ mìlímítà 35 lára ọkọ̀. Kò sí ìṣirò tó le níbẹ̀ mọ́.

Kí n tó gbà á gbọ́, mo dán an wò nílé. Ojú irin àtijọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1,067 ni àlàfo rẹ̀. Mo wá apá kan tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́, tí koríko ti hù sí, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó pé. (Ọ̀nà tuntun Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 2021, ló jẹ́ 1,435 bíi ti Kúbà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀, ẹ má sún mọ́ ọn.) Mo dá pákó oní mítà méjì bùú níwájú, ní mítà kan sí ibi tí mo ti wọn irin, mo sì ya fọ́tò. Láti mítà márùn-ún, pákó mítà méjì náà jáde bíi mítà méjì ààbọ̀. Ohun tó bá sún mọ́ kámẹ́rà ló ń tóbi. Mo fà sẹ́yìn dé nǹkan bíi mítà 40, mo fi kámẹ́rà fa ojú ibẹ̀ mọ́ra, ó sì jáde bíi mítà méjì àti sẹ́ńtímítà márùn-ún péré.

Ẹ̀kọ́ méjì ló jáde nínú ìyẹn. Fọ́tò tí wọ́n yà láti òkèèrè nìkan ni mo ń wọ̀n. Èyí tí arìnrìn-àjò dúró sí ẹnu ọkọ̀ yà, àpò "Dúró ná" ló ń lọ. Èkejì, kò yẹ kí n wọn irin níbi tó ti hàn dáadáa níwájú, bí kò ṣe lábẹ́ imú ọkọ̀ gan-an. Níbẹ̀ sì rèé, òjìji máa ń bò ó. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ inú irin kọ̀ọ̀kan láti iwájú, mo jẹ́ kí ìlà méjèèjì máa sún mọ́ra lọ títí wọ́n fi dé abẹ́ imú ọkọ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n yẹn ni mo ń sọ di 41.

Láti iwájú, ìbú ọkọ̀ jáde, gíga fèrèsé láti orí irin jáde, gíga òrùlé jáde. Gígùn kò sí nínú fọ́tò iwájú, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ kì í sì í fi àlàfo irin hàn. Mo mú gíga ìsàlẹ̀ fèrèsé tí mo rí láti iwájú, mo lò ó bíi rúlà lórí fọ́tò ẹ̀gbẹ́. Nǹkan tó bá jáde, mo ń kọ ọ́ pẹ̀lú àyè: ó lè lé tàbí kó dín sẹ́ńtímítà mẹ́wàá. Ìyẹn kò tó láti fi ṣe ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé ọkọ̀ méjì kì í ṣe ọmọ ìyá.

Fún ẹni tó bá fẹ́ wọn ọkọ̀ wa àtijọ́, 1,067 jẹ́ 97 lọ́nà 11. Ẹ tẹ fọ́tò títí àlàfo irin fi jẹ́ mìlímítà 97, mìlímítà kan á jẹ́ 11. A4 gba ìbú ọkọ̀ bí ẹ bá dá a bùú.

8. Fífún fọ́tò ní ọdún

Fọ́tò tí kò ní ọdún, mo ń wá ohun tí kò lè sí níbẹ̀ kó tó di ọdún kan. Ère Kristi tó wà lórí òkè Casablanca, oṣù Kejìlá 1958 ni wọ́n ṣí i. Bí ó bá hàn lẹ́yìn ọkọ̀, fọ́tò náà kò lè ṣáájú ìgbà náà. Bí pátákó bá kọ Camilo Cienfuegos, kò lè ṣáájú oṣù Kẹwàá 1959 tí ọkọ̀ òfuurufú akíkanjú náà sọnù, torí wọn kì í sọ ìlú lórúkọ rẹ̀ kó tó kú. Bí èéfín bá ń jáde lórí ilé iṣẹ́ ṣúgà, ó ti ṣáájú 2002. Ọkọ̀ Barcelona, láti 1998 síwájú. Bí wọ́n bá kọ ìpínlẹ̀ Mayabeque sábẹ́ rẹ̀, àkọlé náà kò lè ṣáájú 2011, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fọ́tò fúnra rẹ̀ lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń kọ ọdún méjì sí ìlà kọ̀ọ̀kan: kò lè ṣáájú èyí, kò lè kọjá èyí.

Nínú àwọn fọ́tò Casablanca ni mo ti ń rí ọkọ̀ ojú omi kékeré tó ń gbé èrò kọjá èbúté. Ibi mìíràn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí ní etí omi kan náà ni Regla, níbi tí wọ́n ti ń bọ Yemọja títí di òní, tí ìtàn àwọn onílù sì sọ pé Àtàńdá àti Àyánbí ti gbẹ́ bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ ní Kúbà ní nǹkan bí 1830. Matanzas, ní ìpẹ̀kun kejì, ìlú bàtá àti òrìṣà ni òun náà. Mo kọ orúkọ ìlù sí ìpẹ̀kun méjèèjì ìwé gígùn tó wà lára ògiri mi. Ó kan ojú irin náà, torí pé ọmọ àwọn tó mú ìlù náà wá wà lára àwọn tó ń wọ ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́.

9. Ibi tí iṣẹ́ dé

Ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró, ọ̀nà ti pé lórí ìwé, àwọn ọdún pàtàkì ti bọ́ sí bírò dúdú. Ẹ̀ka Jaruco ṣì jẹ́ pẹ́ńsù nítorí fọ́tò rẹ̀ kò pọ̀. Àpò "Dúró ná" ṣì kún, mo sì ń padà sí i bí mo bá ti rí àpá tuntun kan lára ọkọ̀.

Bí ẹ bá dé ibi tí ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ wà, ní Kúbà tàbí níbikíbi, tí ẹ sì fẹ́ ya fọ́tò tí ẹlòmíràn lè wọ̀n, ẹ dúró jìnnà, ní ibi tí ẹ gba àyè láti dúró, kí ẹ kọjú sí àárín irin méjèèjì, kí ẹ sì fi kámẹ́rà fà á mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí irin hàn títí dé abẹ́ imú ọkọ̀. Ẹ ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní gbọọrọ, ẹ ya nọ́ńbà, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀ àti igi ẹnu ọ̀nà bóyá àwo irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí. Ọ̀dà sábà máa ń bò ó. Bí ẹ bá tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà rẹ̀ á yọ.